Ohun Tí Ó Ń Pa Ọkọ̀ Ìjàpá Bàbá Àgbà

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá sí ojú ìwé yìí kì í ṣe ti oríkì, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ewì tàbí àlọ́ tí a mọ ẹ̀ka wa mọ́. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kò kan èdè Yorùbá. Bí ẹ́ńjìnnì bá dákẹ́ lójú ọ̀nà, a kì í sọ pé ó dúró. A máa ń sọ pé ọkọ̀ kú. Bí ó bá tún ṣiṣẹ́, a ó ní ó jí. Bí ọ́ìlì bá ń kán sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, a ó ní ó ń jò, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ nípa òrùlé àti ìkòkò. Bí ọ́ìlì náà bá sì ń bá èéfín jáde láti inú ẹ́ńjìnnì, a ó ní ọkọ̀ ń jó ọ́ìlì. Àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó wà láàrin jò àti jó, bẹ́ẹ̀ ni owó tí ó wà láàrin àtúnṣe méjèèjì tó owó ilé-ìwé ọmọ fún ọdún kan. Ẹni tí kò bá kíyè sí àmì ohùn yìí, àfàìmọ̀ kí ó má san owó ẹ́ńjìnnì níbi tí ó yẹ kí ó ti san owó gásíkẹ́ẹ̀tì.

Ọkọ̀ tí mo ń wí ni Volkswagen kékeré ẹlẹ́yìn rìbìtì tí gbogbo ilẹ̀ yìí ń pè ní Ìjàpá. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀ kò ṣì í pè, nítorí pé ó jọ ọkọ Yánníbo láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ilẹ̀ Jámánì ni Ferdinand Porsche ti ya àwòrán rẹ̀ ní àwọn ọdún 1930. Nígbà tí ó di ọjọ́ 17, oṣù Kejì, ọdún 1972, iye Ìjàpá tí a ti ṣe ní ayé kọjá iye ọkọ̀ Model T ti Ford, èyí tí ó ti mú ipò kìíní láti ọdún pípẹ́. Ní ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ ní Èkó. Ìlú Puebla ní ilẹ̀ Mẹ́síkò ni wọ́n ti ṣe èyí tí ó kẹ́yìn pátápátá, ní ọjọ́ 30, oṣù Keje, ọdún 2003, lẹ́yìn tí àpapọ̀ rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 21.

Ohun mẹ́ta ni ẹni tí kò wà á rí gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ọ̀rọ̀ mi tó lè yé e. Èkíní, ìdí ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, iwájú sì ni táńkì epo bẹntiróòlù wà, lábẹ́ ọmọrí tí àwọn ọkọ̀ yòókù fi ń bo ẹ́ńjìnnì. Láti orí dé ìdí ni epo ń rìn kí ó tó rí iṣẹ́ ṣe. Èkejì, kò ní omi nínú rárá; afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì ni ó ń mú ara ẹ́ńjìnnì náà tutù. Nítorí náà, ọ́ìlì tí ń jò lára Ìjàpá kì í ṣe ọ̀ràn ilẹ̀ tí ó dọ̀tí lásán. Ìtutù ara ọkọ̀ ni ó ń ṣàn lọ. Ẹ̀kẹta ni pé kò sí kọ̀ǹpútà kankan nínú rẹ̀ tí yóò sọ ibi tí ó ń dùn ún. Ènìyàn ni yóò bi í.

Ọdún 1976 ni bàbá tí ó bí bàbá mi ra tirẹ̀. Olùkọ́ ni ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Owó tí ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ ìgbìmọ̀ Údọ́jì ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ó sì fi owó àyálò parí rẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn fi owó Údọ́jì ra gírámáfóònù, àwọn mìíràn fi gbé ìyàwó kejì. Bàbá àgbà ra Ìjàpá aláwọ̀ ewé, ó sì ra ìwé àkọsílẹ̀ kan tì í. Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tí wọ́n ṣe sí ọkọ̀ yìí tí kò sí nínú ìwé náà, pẹ̀lú ọjọ́, oṣù àti ọdún, ní èdè Yorùbá tí ó já gaara, tí ó sì ní àmì ohùn lórí. Mo ti ka ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé tí kò ní àmì ohùn tó bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 2020, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà sé oníkálukú mọ́lé, wọ́n gbé ọkọ̀ náà sí abẹ́ igi máńgòrò ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Òmù-Àrán. Ó tó ọdún méjì kí wọ́n tó tún wà á. Ọwọ́ Bàbá àgbà ti ń gbọ̀n nígbà náà, bàbá mi ni ó sì ń wà á. Iṣẹ́ kan pàtàkì ni ọkọ̀ yìí ní láti ṣe: Ìyá àgbà ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì gbọ́dọ̀ dé ilé-ìwòsàn ní Ìlọrin lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa wú, kò lè rìn dé ibùdókọ̀, kò sì lè dúró de ọkọ̀ èrò títí yóò fi kún. Láti ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, owó tí a ó fi háyà ọkọ̀ fún òun nìkan kò ṣeé sọ sétí ẹni tí ó ń gba owó ìfẹ̀yìntì olùkọ́.

Ìgbà náà gan-an ni Ìjàpá bẹ̀rẹ̀ àìsàn. Bí ó bá ti rìn fún bí ìdajì wákàtí, yóò wúkọ́, yóò fà sẹ́yìn, yóò sì kú. Bí a bá dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yóò jí bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣe é rí. Yàtọ̀ sí èyí, bí bàbá mi bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́rọ́tù ní ìkóríta, ọkọ̀ a tún kú. Ọ́ìlì ń kán lábẹ́ rẹ̀ níbikíbi tí a bá gbé e sí, òórùn ọ́ìlì jíjóná sì ń bá àwọn èrò inú rẹ̀ lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní oṣù Keje ọdún 2024, ó kú lẹ́ẹ̀mẹta láàrin Àjàṣẹ́-Ìpo àti ilé, Ìyá àgbà sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀nà ti rí lóde òní. Inú òkùnkùn ni wọ́n jókòó sí pẹ̀lú gíláàsì tí wọ́n yí sókè, tí ẹni kankan kò gbọ́dọ̀ tan iná.

Ní ọjọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi pe ìpàdé ẹbí. Ó ní òun ti bá àwọn tí ń ra irin kọ́ńdẹ́ẹ̀mù sọ̀rọ̀, wọ́n ti dá iye lé e, ìparí oṣù Kẹsàn-án ni wọn yóò wá gbé e. N kò lè dá ẹ̀gbọ́n bàbá mi lẹ́bi. Ìyá rẹ̀ ni ó sùn sójú ọ̀nà. Bàbá àgbà kò jiyàn. Ohun tí ó sọ kò ju gbólóhùn kan lọ: “Ẹ jẹ́ kí Àdùkẹ́ ti ilé-ìwé dé ná.” Èmi ni Àdùkẹ́. Kì í ṣe pé mo kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Èmi ni mo máa ń di iná mú fún Bàbá àgbà láti kékeré nígbà tí ó bá ń tún ọkọ̀ ṣe, èmi ni mo sì máa ń ka ìwé àkọsílẹ̀ náà sí i létí láti ìgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì.

Mẹkáníìkì mẹ́rin ni ó ti fọwọ́ kan ọkọ̀ náà kí n tó dé. Ti àkọ́kọ́ pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ti èkejì pààrọ̀ kọ́ìlì àti kọ́ńtáàtì. Ti ẹ̀kẹta ní ooru ni ó ń mú epo hó nínú pọ́ọ̀ǹpù, ó sì fi aṣọ tútù dì í. Bàbá mi ń rin aṣọ náà lómi lójú ọ̀nà, ọkọ̀ sì ń kú bí ó ti ń kú. Ti ẹ̀kẹrin wo bí ọ́ìlì ti bo ẹ́ńjìnnì, ó mi orí, ó ní ẹ́ńjìnnì ti gbó, ọ́ìlì tí ń jò náà ni ó ń pa á, a ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a ó tú u palẹ̀, a ó sì ra ohun èlò tuntun sí i. Owó tí ó dá lé e ju owó ìfẹ̀yìntì Bàbá àgbà fún oṣù mẹ́fà lọ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Síbẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Ọkọ̀ tí a ń fi ẹ̀rọ yẹ̀ wò ni wọ́n fi kọ́ iṣẹ́, púpọ̀ nínú wọn ni a kò sì tíì bí nígbà tí Ìjàpá wà ní gbogbo ìgboro.

Ẹni tí ó ràn mí lọ́wọ́ ni bàbá arúgbó kan ní àdúgbò wa tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Mẹkáníìkì. Ó ti fi sípánà sílẹ̀ nítorí ojú, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì mú. Ó jókòó lórí àpótí, kò wo ọkọ̀ rárá. Ìbéèrè ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá. Ṣé òwúrọ̀ ni ó ń kú ni, tàbí ìgbà tí ara rẹ̀ bá gbóná? Ṣé orí òkè ni, tàbí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú? Ìbéèrè tí ó kẹ́yìn ni n kò lè gbàgbé.

“Ẹ dákun, bàbá Àdùkẹ́, bí ó bá fẹ́ kú, ṣé ó máa ń kú bí iná mànàmáná tí wọ́n mú lọ ni, àbí bí fìtílà tí epo rẹ̀ ń tán?”

Bàbá mi ronú díẹ̀. “Bí fìtílà ni, Bàbá. A máa wúkọ́, a máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́, kí ó tó dákẹ́.”

“Ó dáa. Ẹni tí iná rẹ̀ kò dáa kì í wúkọ́. Ó máa ń kú fin-ín ni. Oúnjẹ ni ọmọ yìí kò rí jẹ.”

Ní kíláàsì ìlànà ìkọ́ni, a kọ́ wa pé ìbéèrè tí ó dára kì í fi ìdáhùn sí akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ dín ọ̀nà tí ìdáhùn lè gbà kù. N kò rí àpẹẹrẹ tí ó dára ju ti fìtílà yìí lọ títí mo fi parí ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ mi.

Síbẹ̀, Bàbá Mẹkáníìkì kò jẹ́ kí a fi ẹnu lásán dá ẹjọ́. Ó ní kí a wa ọkọ̀ náà jáde títí yóò fi kú, kí a yẹ̀ ẹ́ wò ní ojú ẹsẹ̀ tí ó bá kú, nítorí pé ọkọ̀ tí ó ti jí kò ní ẹ̀rí lẹ́nu mọ́. A gba ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo ní òwúrọ̀, bàbá mi ni ó ń wà á, àbúrò mi ọkùnrin jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú ìgò kan, sípánà, aṣọ gbígbẹ àti pọ́ọ̀ǹpù kẹ̀kẹ́. Ó kú lórí òkè kan bí a ti retí. A tì í sí ẹ̀bá ọ̀nà.

Iná ni a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Mo yọ wáyà àárín kúrò lórí dísíríbútọ̀, mo fi aṣọ gbígbẹ dì í mú, mo gbé orí rẹ̀ súnmọ́ irin ẹ́ńjìnnì ní ìwọ̀n ìka ìrẹsì kan. Bàbá mi yí kọ́kọ́rọ́. Iná fò, ó búlúù, ó ń ta pàù pàù. Nípa bẹ́ẹ̀, púlọ́ọ̀gì, kọ́ìlì àti kọ́ńtáàtì tí wọ́n ti fi owó rà kò ní ẹ̀bi kankan. Lẹ́yìn èyí, a fi wáyà náà sílẹ̀ ní yíyọ kí iná má baà fò sí epo, mo yọ họ́ọ̀sì tí ó wọ kábúrétọ̀, mo kì í bọ inú ìgò, bàbá mi sì tún yí kọ́kọ́rọ́. Ó yẹ kí pọ́ọ̀ǹpù máa pọ epo jáde ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Afẹ́fẹ́ àti ẹ̀kán díẹ̀ ni ó jáde.

Níbí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìbá ti ra pọ́ọ̀ǹpù tuntun. Ṣùgbọ́n pọ́ọ̀ǹpù kò lè pọ ohun tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Táńkì Ìjàpá ga ju pọ́ọ̀ǹpù rẹ̀ lọ. Bí a bá yọ họ́ọ̀sì tí ó wọ pọ́ọ̀ǹpù, epo gbọ́dọ̀ máa ṣàn fúnra rẹ̀. Mo yọ ọ́. Ó kán lẹ́ẹ̀kan, ó kán lẹ́ẹ̀kejì, ó dúró. Mo so pọ́ọ̀ǹpù kẹ̀kẹ́ mọ́ ẹnu họ́ọ̀sì náà, nítorí Bàbá Mẹkáníìkì ti kìlọ̀ pé a kò gbọdọ̀ fi ẹnu fẹ́ epo láé. Mo fẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Àbúrò mi tí ó gbé etí lé táńkì níwájú pariwo pé òun gbọ́ ọ tí ó ń hó. Nígbà tí mo yọ pọ́ọ̀ǹpù kẹ̀kẹ́ kúrò, epo tú jáde sínú ìgò pẹ̀lú àwọ̀ tí ó pupa bí omi osùn. A so gbogbo rẹ̀ padà, ọkọ̀ jí, ó sì gbé wa délé láìwúkọ́.

Bí ó ti rí nìyí. Ọkọ̀ náà wà lábẹ́ igi fún ọdún méjì pẹ̀lú epo tí kò kún ìdajì táńkì. Ibi tí epo kò bò nínú táńkì onírin, afẹ́fẹ́ tí ó ní omi nínú ni ó bò ó, ìpẹtà sì jẹ ẹ́. Bí ọkọ̀ bá ti ń rìn, ìpẹtà náà a máa rọ́ lọ sí asẹ́ tí ó wà ní ẹnu ibi tí epo ń gbà jáde, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi dí i. Bí ọkọ̀ bá kú, tí epo kò fà á mọ́, ìpẹtà a tún rọ́ kúrò lẹ́nu asẹ́, ọ̀nà a sì ṣí. Ìdí nìyẹn tí ìsinmi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fi ń wò ó sàn. Kì í ṣe pé ara rẹ̀ tutù gẹ́gẹ́ bí gbogbo wa ti rò.

A fa epo inú táńkì kúrò, a tú bóòtù mẹ́rin tí ó dè é mọ́ ara ọkọ̀, a gbé e jáde sí gbangba, jìnnà sí ibi tí a ti ń dáná. Òkúta wẹ́wẹ́ ẹ̀kún agolo méjì ni a dà sínú rẹ̀ pẹ̀lú omi ọṣẹ, èmi àti àbúrò mi sì ń mì í bí ẹni ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Omi tí ó kọ́kọ́ jáde dà bí ọbẹ̀ ilá tí a fi epo pupa sè. A ṣe é lẹ́ẹ̀marùn-ún kí omi tó mọ́. A fi oòrùn gbẹ ẹ́ fún ọjọ́ méjì, a fi epo bẹntiróòlù díẹ̀ ṣan án, a pààrọ̀ asẹ́ náà, a sì pààrọ̀ gbogbo họ́ọ̀sì epo. Èyí tí ó wà lókè ẹ́ńjìnnì ti le gbangidi, ó ti sán. Ẹ̀yin tí ẹ ní Ìjàpá nílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ wo họ́ọ̀sì yìí lónìí. Bí ó bá yọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, orí irin gbígbóná ni epo yóò dà sí. Bí àwọn Ìjàpá kan ti ṣe jóná nìyẹn.

Ikú ìkóríta rọrùn ju èyí lọ. Kábúrétọ̀ ní ihò kékeré kan, jẹ́ẹ̀tì, tí ń bọ́ ẹ́ńjìnnì nígbà tí ẹsẹ̀ kò bá sí lórí tọ́rọ́tù. Ihò náà kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Èérún ìpẹtà kan ṣoṣo tó láti dí i. Ẹnìkan ti fi wáyà gún un rí, ohun tí kò yẹ ni, nítorí pé wáyà a máa mú ihò náà fẹ̀, epo a sì máa pọ̀ jù. Afẹ́fẹ́ pọ́ọ̀ǹpù kẹ̀kẹ́ ni a fi ṣí i. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ ń dúró ní ìkóríta, ó ń kùn jẹ́jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá padà sí jò àti jó. Kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun ni Bàbá Mẹkáníìkì ti ní kí n yọ gééjì ọ́ìlì, kí n sọ ibi tí ọ́ìlì dé fún òun. Ààlà méjì ni ó wà lára gééjì, ìsàlẹ̀ àti òkè. Ọ́ìlì kọjá ààlà òkè dáadáa. Ọkọ̀ tí ń jò láti ọdún kan, kí ni ó mú ọ́ìlì rẹ̀ pọ̀ jù? Bàbá arúgbó náà bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ń ra ọ́ìlì.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Nígbàkígbà tí ó bá rí ọ́ìlì nílẹ̀, àánú ọkọ̀ a ṣe é, yóò sì ra gálọ́ọ̀nù kan tí ó jẹ́ lítà mẹ́rin, yóò da gbogbo rẹ̀ sí i, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe sí ọkọ̀ tirẹ̀. Ìfẹ́ ni ó fi ṣe é. Ṣùgbọ́n lítà méjì ààbọ̀ ni gbogbo ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì Ìjàpá ń gbà. Nígbà tí mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ Bàbá àgbà sí ọdún 1979, mo rí i níbẹ̀ pẹ̀lú gègé pupa: “A yí ọ́ìlì padà. Lítà méjì ààbọ̀. Kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọkọ̀ yìí kì í ṣe lọ́rì.” Mo ka á sí etí ìgbọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi pẹ̀lú ìwọ̀sílẹ̀ tí ó yẹ ọmọ. Ó dákẹ́. Nígbà tí a tú ọ́ìlì náà sínú kẹ́ẹ̀gì tí a sì wọ̀n ọ́n, díẹ̀ ni ó kù kí ó pé lítà mẹ́rin. Ọ́ìlì tí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, bí irin inú ẹ́ńjìnnì bá ń pò ó, kò sí ihò tí kò ní í wá gbà jáde.

Ìbéèrè tí ó tẹ̀lé e ni pé ṣé ó ń jó ọ́ìlì pẹ̀lú? Mo dúró sí ẹ̀yìn ọkọ̀ nígbà tí bàbá mi ń jí i ní òwúrọ̀; mo tún tẹ̀lé e lórí ọ̀kadà nígbà tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Bí èéfín búlúù bá jáde ní ìgbà méjèèjì yìí, inú ẹ́ńjìnnì ti jẹ. Èéfín kankan kò jáde. Ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì kẹrin wó lulẹ̀ níbẹ̀: ọkọ̀ tí ń jò ni, kì í ṣe ọkọ̀ tí ń jó.

Àwa méjì ni a fi kẹrosíìnì àti ọṣẹ fọ ẹ́ńjìnnì náà, a fi ọ̀rá bo ibi tí omi kò gbọdọ̀ dé. Nígbà tí ó gbẹ, a da ọ́ìlì tuntun sí i, lítà méjì ààbọ̀ géérégé, a wà á fún ogún ìṣẹ́jú, a sì gbé e sórí páálí funfun. A-fara-balẹ̀-tú-eèrà ni yóò rí ìfun rẹ̀. Lórí ẹ́ńjìnnì tí ó dọ̀tí, ibi gbogbo ni ó jọ pé ó ń jò; lórí èyí tí ó mọ́, ibi mẹ́ta péré ni. Ẹ̀kán wà ní apá ọ̀tún àti apá òsì níbi ọmọrí fáàfù, òmíràn wà níbi súìṣì tí ń tan iná ọ́ìlì, ọ̀kan tí ó kéré sì wà ní àárín, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti so mọ́ gíábọ́ọ̀sì.

Ọmọrí fáàfù ni òórùn jíjóná ti ń wá, nítorí pé orí páìpù gbígbóná ni ọ́ìlì ibẹ̀ ń kán sí. Gọ́ọ̀mù ìpele mẹ́ta ni mo fi abẹ họ kúrò lára rẹ̀. Ẹni kọ̀ọ̀kan tí ó tún un ṣe ni ó ń lẹ tirẹ̀ mọ́ ti ẹni ìṣáájú. A fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, a lẹ apá kan mọ́ ọmọrí, a fi gíríìsì pa apá kejì. Nígbà tí ọmọrí ṣì wà ní ṣíṣí, mo yá irin ìwọn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ̀ka ìmọ̀-ẹ̀rọ, mo fi wọn àlàfo fáàfù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù rinrin. Mílímítà 0.15 ni ó yẹ kí ó jẹ́. Méjì ti há jù, a sì tún wọn ṣe. Súìṣì ọ́ìlì kò gbà wá ní àkókò: a tú ti àtijọ́, a fi tuntun sí i.

Ti àárín ni a kò fọwọ́ kàn. Bàbá Mẹkáníìkì fi ìka gbá ọ́ìlì náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní kì í ṣe ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì, èyí tí òórùn rẹ̀ máa ń ta ènìyàn nímú. Ọ́ìlì síìlì tí ó wà lẹ́yìn fúláìwíìlì ni. A kò lè dé ibẹ̀ láìsọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni rọ́bà náà fúnra rẹ̀ kò wọ́n. Mo gbé agolo sí abẹ́ rẹ̀ mọ́jú. Ohun tí mo bá níbẹ̀ kò kún ṣíbí ìmùkọ kan. Bàbá mi ní kí a fi í sílẹ̀ ná títí di ìsinmi mìíràn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ọkọ̀ tí ó bá ṣì ń jò kò tíì sàn. Bàbá àgbà ní òun náà ń jò díẹ̀ lọ́jọ́ orí òun, wọn kò sì tíì tà òun fún oní-kọ́ńdẹ́ẹ̀mù. Lójú tèmi, ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò jẹ̀bi pátápátá. Síìlì tí ń jò lónìí kì í dẹ́kun fúnra rẹ̀, bí ó bá sì dé ara kúlọ́ọ̀sì, ọkọ̀ kò ní í lè gun òkè mọ́. Ṣùgbọ́n ṣíbí kan ní alẹ́ kan kò tó ohun tí a ó tìtorí rẹ̀ ta ọkọ̀ ọdún méjìdínláàádọ́ta.

Àwọn oní-kọ́ńdẹ́ẹ̀mù dé ní ọjọ́ tí wọ́n dá. Wọn kò bá ọkọ̀ nílé, nítorí pé ọjọ́ náà bọ́ sí ọjọ́ Ìlọrin. Ìyá àgbà jókòó níwájú, ó ń ka iye ìkóríta tí a kọjá láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, àfi ìgbà tí a délé ni ó sọ ọ́. Ọkọ̀ kò kú lálọ, kò sì kú lábọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá àgbà ní kí n gbé ìwé náà wá, kí n kọ gbogbo ohun tí a ṣe sí i, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kò lè di gègé mú mọ́. Mo kọ táńkì, họ́ọ̀sì, jẹ́ẹ̀tì, fáàfù àti lítà méjì ààbọ̀. Ó ní kí n ka á sí òun létí. Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti kọ ọ́ pé “ó ṣì ń jò ní àárín,” ó ní kí n dúró, kí n wò ó bóyá mo fi àmì sí i dáadáa. Mo ti fi sí i. Mo gbé ìwé náà padà sínú àpótí rẹ̀, mo sì lọ fi lítà ọ́ìlì kan sí abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀, de oṣù tí ń bọ̀.